Ta ni Tade Thompson, ẹ̀bùn wo ló sì gbà gan-an?

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo wà lọ́jọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ìsọ̀ àbúrò ìyá mi, mò ń dúró de àdìrẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró pé kó gbẹ. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Rosewater wà lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ díẹ̀ fún àǹtí mi nínú ohun tó wà níbẹ̀, bí òkú ṣe ń dìde tí ó ń rìn kiri ìgboro. Ó fi ọwọ́ tó kún fún aró gbá orúnkún mi, ó ní, "Ìwé iwin lo tún gbé dé yìí." Mo ní rárá, mà, ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Ó ní sáyẹ́ǹsì wo ló ń jí òkú? Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i: "Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe ẹni tó gba Hugo lẹ ń ka ìwé rẹ̀ yẹn?"

Kì í ṣe ìwé iwin. Òǹkọ̀wé náà ò sì gba Hugo, ẹ̀bùn ìtàn sáyẹ́ǹsì kan tó lókìkí. Ṣùgbọ́n mi ò bá wọn wí, torí ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí máa ń lọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ìwé tó jáde ní 2016, wọ́n á ní ó gba ẹ̀bùn ní 2017, wọ́n á tún ní ó gba òmíràn ní 2019. Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣi ọdún kọ. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ, ó sì ní ìdí. Abẹ́òkúta wa yìí gan-an wà nínú ìdí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ò mọ̀ nìyẹn.

Orúkọ rẹ̀ ni Tade Thompson. Ẹ má jẹ́ kí Thompson yẹn dà yín láàmú. Ní Abẹ́òkúta níbí, mélòó la fẹ́ kà nínú àwọn ìdílé Ẹ̀gbá tó ń jẹ́ Coker, Williams tàbí Johnson? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà, ibí ló dàgbà sí, ibí ló ti kọ́ iṣẹ́ dókítà kó tó padà sí ìlú Ọba. Kò fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ nítorí ìwé kíkọ. Dókítà ọpọlọ ni.

Tẹ́ ẹ bá sọ "dókítà ọpọlọ" ní Abẹ́òkúta, Aro, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, lẹ ti dárúkọ yẹn. Àwọn ọmọdé ń fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wọn ("wọ́n máa gbé ẹ lọ sí Aro!"), láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ọmọ bíbí ìlú yìí, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954 tí gbogbo ayé wá wò: dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, àárín ará abúlé ló ń gbé, ìbátan rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń jáde ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ìtọ́jú. Mo mú èyí wá nítorí pé tẹ́ ẹ bá ka ìwé Thompson, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń jókòó gbọ́ ohun tó wà nínú ọkàn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ ló kọ ọ́. Olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù, iṣẹ́ wíwọ inú ọkàn èèyàn ló ń ṣe. Ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iwin. Nígbà tí ìyá àgbà bá ní "Ààlọ́ o!", tí àwa ọmọdé dáhùn pé "Ààlọ̀!", a ti gbà tán nìyẹn. Ìjàpá lè fi ìyẹ́ ẹyẹ fò lọ sọ́run, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwọ̀n ìyẹ́ náà. "Ààlọ̀" tí a dáhùn, àdéhùn ni: máa sọ, a ò ní bi ọ́ léèrè báwo. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kà á lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè báwo, òǹkọ̀wé sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn lọ́wọ́, kódà tó bá jẹ́ pé òun ló finú ara rẹ̀ rò ó. Ìdáhùn náà kò ní láti jẹ́ òótọ́ ní ilé ìwòsàn. Ó kàn gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ mu láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan lè jẹ́ ká rí ààlà náà dáadáa. Ìlú yìí ni wọ́n bí Amos Tutuola sí ní 1920. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954, èyí tó dá lórí ọmọ tó sọnù sínú igbó àwọn iwin, abo iwin kan wà tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ṣí ọwọ́ han ọmọ náà, ọmọ sì rí ìlú rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ẹ rántí pé 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó wọ Nàìjíríà, ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí ti gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ibi tí gbogbo wa ń gbé fóònù sí lónìí! Síbẹ̀ Tutuola ò sọ bí ọwọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì jẹ wá ní àlàyé kankan. Iwin ni, ó parí. A ti ní "ààlọ̀".

Ká ní Thompson ló kọ ọ́, ó máa sọ ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá.

Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí ni Rosewater. Ọdún 2066 ni, ní Nàìjíríà. Ẹ̀dá àjèjì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wormwood já láti òfurufú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ó rìn lábẹ́ ilẹ̀, orí ilẹ̀ wa ló sì wá tẹ̀dó sí. Ó na ohun kan bíi ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé bo ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọpọ́n náà máa ń ṣí díẹ̀, àìsàn yòówù tó bá wà nítòsí á sì wò sàn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà tí irú ibẹ̀ bá wà: èrò wọ́ lọ síbẹ̀, àgọ́ di abúlé, abúlé di ìlú tó yí ọpọ́n náà ká roboto. Nígbà tí kò tíì sí ilé ìgbẹ́ tàbí gọ́tà, òórùn ibẹ̀ burú débi pé wọ́n fi sọ ìlú náà ní orúkọ lọ́fínńdà. Rosewater, omi òdòdó. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, orúkọ náà kò sì lọ mọ́.

Kaaro ni orúkọ olú ẹ̀dá ìtàn, bíi pé ẹ ń kí èèyàn ní òwúrọ̀. Ó lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn. Nígbà èwe rẹ̀, ó ń fi í jalè: ó ń mọ ibi tí àwọn èèyàn fi owó pamọ́ sí nínú ilé wọn. Ní 2066, báǹkì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn bíi tirẹ̀ jókòó, wọ́n ń ka ìwé sókè, kí ariwo ohun tí wọ́n ń kà lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn gbájúẹ̀ tó ń gbìyànjú láti wọ inú ọkàn àwọn oníbàárà lọ jí àṣírí àkáǹtì wọn. (Ọmọ àǹtí mi ní yahoo ti ọdún 2066 nìyẹn. Mi ò rí bí mo ṣe lè jiyàn.) Yàtọ̀ sí báǹkì, ẹ̀ka ìjọba abẹ́lẹ̀ kan, S45, ń pè é níṣẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n, ó sì kórìíra wọn.

Nígbà tí mo dé ibi wíwọ ọkàn yìí ni àǹtí mi gbé orí sókè. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni arínúróde. Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn "báwo" ti wọlé. Nínú ìwé náà, ẹ̀dá àjèjì yẹn ti tú ohun wínníwínní kan sínú afẹ́fẹ́, ohun tí ojú ò lè rí, tó ń ta okùn bí èbu ṣe ń ta lára búrẹ́dì tó ti bu. Okùn yìí ń lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo èèyàn, ó sì ń bá iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sínú ọpọlọ pàdé. Nípa bẹ́ẹ̀, gbogbo orí di ohun tí a so pọ̀ mọ́ra nínú afẹ́fẹ́, bíi fóònù tí gbogbo wọn wà lórí Wi-Fi kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé àwọn wà lórí rẹ̀. Àwọn díẹ̀ bíi Kaaro ló lè rìn nínú rẹ̀.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ìwé yẹn nìyí. Tí Kaaro ò bá fẹ́ gbọ́ èrò ọkàn ẹnikẹ́ni mọ́, kò lọ sọ́dọ̀ wòlíì, kò wẹ̀ lódò. Ìpara clotrimazole ló ń fi para. Ìpara yẹn náà o, tí ẹ máa rí ní kẹ́míìsì Pańṣẹ́kẹ̀, tí à ń fi sí làpálàpá! Ó bọ́gbọ́n mu: tó bá jẹ́ pé ohun tó jọ èbu ló ń so ọkàn pọ̀, oògùn tó ń pa èbu ló máa já a. Làpálàpá náà, ìdílé èbu ló ti wá. Ó yé àǹtí mi lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Hẹn, ìyẹn ò jọ iwin." Kò sí àlàyé ìtàn sáyẹ́ǹsì tí mo lè ṣe tó máa tó ìpara yẹn.

Òkú tó ń dìde náà ní "báwo" tirẹ̀. Ohun tó ń wo aláìsàn sàn nígbà tí ọpọ́n bá ṣí, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ara tó ṣàìsàn àti ara tó ti kú. Ó kàn ń tún ara ṣe ni. Ara dìde, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má pè é ní àkúdàáyà. Àkúdàáyà tí a mọ̀, á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́ ìyàwó, á tajà, á tilẹ̀ máa dá èsúsú. Àwọn ti Rosewater ò mọ orúkọ ara wọn. Èyí bà mí lẹ́rù ju àkúdàáyà lọ.

Ibi tó ti máa ń sú àwọn èèyàn láti ka ìwé náà ni bí ọdún ṣe ń fò nínú rẹ̀. Orí kan wà ní 2066, èyí tó tẹ̀ lé e á padà sí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, òmíràn á tún padà sí ìgbà tí Kaaro ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ka àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ àti ọdún rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò kà á nígbà àkọ́kọ́, ni mo bá sọnù títí dé ìdajì ìwé. Àti pé ẹ má retí kí Amẹ́ríkà wá gba ayé là bíi ti fíìmù. Nínú ìwé yìí, Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí físà mọ́ nìyẹn.

Ó kù ẹ̀bùn. Mo fẹ́ lo ìsọ̀ àdìrẹ láti fi ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe é lọ́jọ́ náà. Ká ní a fẹ́ mọ àdìrẹ tó dára jù ní Ìtòkú. A lè ní kí àwọn oníbàárà tó bá san owó díẹ̀ wọ ẹgbẹ́ dìbò. Hugo nìyẹn: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àpéjọ ìtàn sáyẹ́ǹsì àgbáyé ló ń dìbò rẹ̀, òǹkàwé ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti ń fún èèyàn láti 1953. A sì lè ní kí àwọn aláró fúnra wọn dìbò láàárín ara wọn. Nebula nìyẹn: ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tó fìdí múlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ló ni ín. Ọ̀nà kẹta, ká yan adájọ́ mélòó kan, ká kó aṣọ síwájú wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n mú ẹyọ kan. Ẹ̀bùn Arthur C. Clarke nìyẹn, ti ìlú Ọba, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì, ìbéèrè tí kálukú ń dáhùn ló yàtọ̀. Àdìrẹ tí oníbàárà fẹ́ràn lè má jẹ́ èyí tí aláró máa gbé lárugẹ.

Nommo ni ìkẹrin, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ìtàn àwọn Dogon ilẹ̀ Mali. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn irú èyí nílẹ̀ Áfíríkà ló ń dìbò rẹ̀, ọmọ Áfíríkà nìkan ni wọ́n sì ń fún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún èèyàn ni 2017, Rosewater ló sì gba ti ìwé ìtàn gígùn. Níbo ni wọ́n ti kéde rẹ̀? Ní àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Aké, ní oṣù Kọkànlá, ní Abẹ́òkúta níbí. Ọdún náà ni àjọ̀dún yẹn lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Mo rántí pé mo gba Kútọ̀ kọjá lọ́sẹ̀ náà, mo rí èrò níwájú gbọ̀ngàn àṣà, mo rò pé ìgbéyàwó ni. Mo bá tèmi lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn gbà á kiri ní oṣù Keje 2019 pé Rosewater ti gba ẹ̀bùn Clarke, tí àwọn kan ń sọ ọ́ bíi pé Lọ́ńdọ̀nù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dìbò fún un tipẹ́, Kútọ̀ sì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí ogún oṣù ṣáájú.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn adájọ́ Clarke ò sùn. Òfin ẹ̀bùn náà ni pé ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ìlú Ọba ní ọdún tó ṣáájú. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Apex, ló tẹ Rosewater ní 2016. Lójú òfin yẹn, ìwé náà ò tíì sí láyé. 2018 ni Orbit, ilé ìtẹ̀wé ńlá, tún un tẹ̀, tí ó sì dé orí àtẹ ní ìlú Ọba. Ìgbà yẹn ni wọ́n "bí" i níbẹ̀. Ìwé kan, ọjọ́ ìbí méjì. Ibi tí ọdún ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú nìyẹn, kò sí àdììtú míì níbẹ̀.

Owó Clarke máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Iye ọdún ni iye owó: ní 2019, pọ́n-ùn 2,019 ni wọ́n fún un. Ní 2020, ó lé pọ́n-ùn kan péré, Namwali Serpell ọmọ ilẹ̀ Zambia ló sì gbà á. Ẹni tó bá ń retí kí òǹkọ̀wé fi owó ẹ̀bùn kọ́lé sí Ìbàrà, kó rọra. Ohun tí ẹ̀bùn ń ṣe ni pé ó ń gbé ìwé dé ọwọ́ ẹni tí kì bá tí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àti Hugo? Ní 2020, ìwé mẹ́ta Rosewater lápapọ̀ wọ inú àwọn mẹ́fà tó kù fún ẹ̀bùn ọ̀wọ́ ìwé. Ẹlòmíràn ló gbà á. Ibi tí ọmọ àǹtí mi ti gbọ́ orúkọ náà nìyẹn. "Wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó dupò" kì í ṣe "ó wọlé", ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ ìyẹn lórí.

Ìwé kejì àti ìkẹta nínú ọ̀wọ́ náà jáde nínú ọdún 2019 kan náà. Nínú ìkejì, olórí ìlú Rosewater ní ìlú òun ò bá Nàìjíríà ṣe mọ́, ó kéde òmìnira. Ẹ lè fojú inú wo bí Àbújá ṣe gbà á.

Ṣáájú gbogbo èyí, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Making Wolf, jáde ní 2015, ó sì gba ẹ̀bùn Kitschies tí wọ́n ń fún ìwé àkọ́kọ́ òǹkọ̀wé. Apá ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ni wọ́n máa ń gbé fún ẹni tó bá gbà á, kì í ṣe kọ́ọ̀bù. Ìwé ọ̀ràn dídá ni, ní orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan tí kò sí lórí máàpù. Ọkùnrin kan ti Lọ́ńdọ̀nù wálé wá sin àǹtí rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà ló ń ṣe lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n níbi ìnáwó òkú, ó fọ́nnu pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá àwọn apànìyàn ni òun. Àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ gbọ́, wọ́n gbé e, wọ́n ní ó yá, wá ẹni tó pa èèyàn wa. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìnáwó tí ará òkè òkun ti ń fọ́nnu rí máa gbádùn ìwé yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Èyí tí mi ò ní gbé fún àǹtí mi ni ti Molly Southbourne, ìwé kékeré tó jáde ní 2017, tó gba Nommo ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan ni: nígbàkígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kán sílẹ̀, Molly mìíràn á hù jáde láti inú rẹ̀, èyí tó hù náà á sì wá ọ̀nà láti pa á. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ní 2021, ó kọ ti ọkọ̀ òfurufú kan tí àwọn èrò inú rẹ̀ sùn fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa dé, wọ́n ti pa àwọn kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde. Nínú ìwé náà, ibùdó kan wà ní òfurufú tó ń jẹ́ Lagos. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbá ni mí, mo sì rò pé Olúmọ ì bá dára jù.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀ ń fẹ́ ìtàn tó ń lọ tààrà, ẹ mú ti ará Lọ́ńdọ̀nù elékèé yẹn, Making Wolf. Rosewater ni èmi fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ń béèrè sùúrù.

Àdìrẹ ti gbẹ nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débẹ̀. Àǹtí mi dì í fún mi sínú ọ̀rá, ó gba owó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ìwé náà, ó ní kí n fi sílẹ̀, pé ọmọ òun máa kà á fún òun tí ọjà bá dá. Mo ti rin dé ẹnu títì nígbà tó pè mí padà. Ó bi mí pé ìpara yẹn, ṣé gbogbo ara ló ń fi pa ni, àbí ojú nìkan?